Ẹni Ìkẹyìn Ni A Ń Dúró Dè: Ìrìn Àjò Àwọn Alálùpùpù Lórí Òkè Yúróòpù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun alùpùpù, àti ẹ̀yin òbí tí oorun kì í kùn títí ẹ ó fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọmọ yín lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìlú wa Ilasa-Èkìtì, bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wa a máa wọlé láti Èkó àti Ìbàdàn, wọn a kó ara wọn jọ ní méje ní mẹ́jọ, wọn a sì gun alùpùpù jáde lọ sí òde ìyàwó tàbí òde òkú. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni à ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo fẹ́ sọ fún yín lónìí nípa àwọn ènìyàn kan tí ń gun alùpùpù kọjá lórí òkè tí ó ga ju gbogbo òkè ilẹ̀ wa lọ, tí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó kẹ́yìn ni wọ́n ń bojú tó jùlọ.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀wọ́ òkè kan wà tí a ń pè ní Alps. Ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí òkun ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó gba Switzerland àti àríwá Ítálì kọjá, ó sì na ara rẹ̀ dé Austria àti Slovenia. Ní ìgbà òtútù, òjò dídì a bo àwọn ọ̀nà orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì máa ń ti ọ̀pọ̀ nínú wọn pa. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, nígbà tí oòrùn bá ti yọ́ òjò dídì náà, àwọn ọkùnrin àti obìnrin a gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wọn a pé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, olúkúlùkù lórí alùpùpù tirẹ̀, wọn a sì máa lọ láti ilẹ̀ kan dé èkejì fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé wà nínú wọn, olùkọ́ wà, nọ́ọ̀sì wà, àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì pẹ̀lú sì wà. Wọn kò gbé èrò, wọn kò sì ru ẹrù ọjà. Àpò aṣọ méjì ni ó máa ń wà lára alùpùpù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn a wọ̀ sí ilé àlejò ní abúlé ẹsẹ̀ òkè, wọn a sá aṣọ tí òjò pa, wọn a jẹun pọ̀, wọn a sì tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì láti wo ọ̀nà ọjọ́ kejì.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Bàbá, irú ìsinmi wo ni èyí, tí ènìyàn yóò jókòó sórí irin láti òwúrọ̀ di alẹ́?" Èsì mi ni pé ẹni tí ó wà nínú mọ́tò ń wo òkè láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí alùpùpù wà nínú òkè náà gan-an. Ó ń gbóòórùn koríko tí àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó ń gbọ́ agogo ọrùn màlúù, òtútù sì ń sọ fún un pé ó ti gòkè díẹ̀ sí i.

Kí ẹ lè mọ bí òkè wọ̀nyí ti ga tó, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wé ti ilé. Òkè tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7,936. Ní Ítálì, nítòsí ààlà Switzerland, ọ̀nà kan wà tí a ń pè ní Stelvio. Kì í ṣe ṣóńṣó òkè ni mo wí o. Ọ̀nà tí táyà ń tẹ̀ ni, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9,045. Carlo Donegani ni ó là á fún ọba ńlá ilẹ̀ Austria láàrin ọdún 1820 sí 1825, ọgọ́ta ọdún kí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach tó fi ẹ́ńjìnnì elépo sí ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní Jámánì ní ọdún 1885. Ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ni Donegani ní lọ́kàn. Nítorí náà ni ó ṣe ká ọ̀nà náà bí ẹni ká okùn, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa pa ẹṣin. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kọ́nà 48 ni ó wà níbẹ̀, a sì kọ nọ́ńbà sí kọ̀ọ̀kan, kí arìnrìn-àjò lè mọ èyí tí ó kù níwájú. Òmíràn ni ọ̀nà Grossglockner ní Austria, tí a ṣí ní ọdún 1935. Ó gùn tó máìlì 30, ó ní kọ́nà 36, ẹni tí yóò gbà á sì gbọ́dọ̀ san owó ibodè.

Ọ̀nà wọ̀nyí kì í ṣe ibi eré. Bí ènìyàn bá ti fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 gòkè, ìgbóná afẹ́fẹ́ a fi nǹkan bí ìwọ̀n méjì sí i dínkù. Ẹni tí ó ń làágùn ní ẹsẹ̀ òkè lè máa gbọ̀n ní orí rẹ̀. Bí ènìyàn bá sì ń sọ̀kalẹ̀, tí ó di bíréèkì mú láìjọ̀wọ́ rẹ̀, bíréèkì náà a gbóná, kì yóò sì lè mú ẹsẹ̀ alùpùpù dúró mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gùn fi ń lo jíà kékeré ní ìsọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa fà wọ́n sẹ́yìn. Ní kọ́nà, wọn kì í wo ọ̀gbun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ń wò, nítorí pé ibi tí ojú bá wò ni ọwọ́ ń darí sí.

Kì í ṣe òní ni ènìyàn ti ń kọjá lórí òkè wọ̀nyí. Ní ọdún 218 kí a tó bí Olúwa wa, ọmọ Áfíríkà kan, Hannibal ará Carthage, ìlú tí ó wà ní ibi tí à ń pè ní Tunisia lónìí, kó ogun àti erin kọjá lórí Alps láti lọ bá àwọn ará Róòmù jà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1800, Napoleon kó ogun tirẹ̀ gba ọ̀nà tí à ń pè ní Great St Bernard, láàrin Switzerland àti Ítálì. Ọ̀nà yìí ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,100, ó sì gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àlùfáà kan tí ń jẹ́ Bernard. Ní nǹkan bí ọdún 1050 ni Bernard kọ́ ilé kan sí orí òkè náà, kí àwọn arìnrìn-àjò tí òjò dídì bá ká mọ́ lè rí iná yá àti oúnjẹ jẹ. Àwọn ará ilé náà a máa jáde nínú ìjì láti wá ẹni tí ó sọnù. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n tọ́ àwọn ajá ńlá tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ilé Bernard wà níbẹ̀ títí di òní, alálùpùpù tí ó bá sì kọjá níbẹ̀ a máa sọ̀kalẹ̀ láti wò ó.

Mo gbà pé ẹ̀mí ilé náà ni ó wà nínú òfin tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alálùpùpù fi ń rìn. Ènìyàn mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ yẹ̀. Èkíní ni aṣáájú, tí ó mọ ọ̀nà. Kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára dígí tí ó fi ń wo ẹ̀yìn, ó sì ń fi ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa sí itòsí ara rẹ̀. Èkejì ni akẹ́yìn. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gùn jùlọ ni wọ́n ń yàn sí ipò náà. Òun ni ó ru irinṣẹ́ àti aṣọ ìdigbẹ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá dúró, akẹ́yìn dúró.

Ẹ̀kẹta ni ẹni oríta, òun ni ó sì wù mí jùlọ. Bí aṣáájú bá dé oríta, ẹni tí ó tẹ̀ lé e gan-an yóò dúró níbẹ̀ ní gbangba, yóò máa na ọwọ́ sí ọ̀nà tí aṣáájú gbà. Àwọn yòókù yóò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun kò gbọdọ̀ kúrò títí yóò fi rí akẹ́yìn, ìbáà ṣe pé òjò ń rọ̀. Nígbà náà ni yóò tó wọ iwájú akẹ́yìn, tí yóò sì máa bọ̀. Ní oríta mìíràn, ẹlòmíràn ni yóò kàn. Nípa bẹ́ẹ̀, àlejò tí kò gba ọ̀nà náà rí, tí kò ní àwòrán ilẹ̀, tí kò ní fóònù, kò lè ṣìnà.

Bóyá ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Kí ni èyí kàn wá ní Èkìtì?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún 1998, èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin gbéra láti Ilasa lórí alùpùpù márùn-ún, a ń lọ sí òde ìyàwó ní Iléṣà. A kọjá Adó, a kọjá Àrámọkọ. Ọjọ́ ti rọ̀, òjò sì ti ṣú. Gbogbo wa fẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà olúkúlùkù tẹ eré. Àbúrò wa tí ó kéré jùlọ, tí kò gba ọ̀nà náà rí, ni ó wà lẹ́yìn. Ní Ìtàwùrẹ́, ọ̀nà pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Ẹ̀fọ̀n, èkejì lọ sí Òkèmẹ̀sí. Àwa mẹ́rin yà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Kò sí ẹni tí ó dúró. Nígbà tí òun dé oríta náà, kò rí ẹnikẹ́ni, ó sì gba ọ̀nà Òkèmẹ̀sí.

A dé Ẹ̀fọ̀n, a wọ abẹ́ òrùlé kan, a ń fi ara wa ṣẹ̀rín. Nígbà tí mo ka wá, mẹ́rin ni wá. A ní, "Ó ń bọ̀." Wákàtí kan kọjá. Ní ọdún náà, fóònù alágbèéká kò tíì sí lọ́wọ́ irú wa. A padà nínú òjò, à ń bèèrè lẹ́nu àwọn ará ọ̀nà, òru sì ti jìn kí a tó rí i ní ilé àgbẹ̀ kan tí ó ṣàánú rẹ̀. Ó ti ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ṣẹ́ ní ibi méjì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ fún mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń sáré kí n lè bá yín." Àwọn tí kò sí níwájú rẹ̀ ni ó ń sáré bá. Ó wà láàyè, ó sì ti di bàbá ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni ó fi ń rìn títí di òní. Nígbà tí a gbé e dé ilé, ìyá rẹ̀ kò bú wa. Ó kàn bèèrè pé, "Ta ni ó wà lẹ́yìn ọmọ mi?" N kò rí èsì fún un.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè kó alùpùpù yín tà. Ọmọ Yorùbá kan, Kunle Adeyanju, gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, ó gba Faransé àti Spain kọjá, ó wọ Morocco, ó la aṣálẹ̀ já, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Nítorí ìpolongo ẹgbẹ́ Rotary láti lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò ní ayé ni ó ṣe rìn ín. Òun nìkan ni ó wà lórí alùpùpù rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń bọ̀ wálé, àwọn alálùpùpù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀, wọ́n sì sìn ín wọ ìlú. Kódà akọni tí ó dá ọ̀nà jíjìn rìn nílò ẹni tí yóò dúró dè é.

Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣàìní ibi àrìnwò. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè gbéra ní òwúrọ̀ láti wo òkè Ọlọ́sùnta ní Ìkéré, kí wọ́n sùn ní Adó, kí wọ́n sì lọ ní ọjọ́ kejì sí Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, àti sí omi Arinta tí ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yan aṣáájú, kí wọ́n yan akẹ́yìn, kí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí òfin oríta. Kí olúkúlùkù dé àṣíborí tòótọ́, kì í ṣe irú èyí tí a rí ní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi dandan lé e, tí àwọn ọlọ́kadà kan sì dé igbá àti ike ọ̀dà sórí láti fi tan ọlọ́fin jẹ. Ọlọ́fin lè gba igbá. Ọ̀dà ojú títì kì í gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá tún dé Ìtàwùrẹ́, tàbí oríta mìíràn, tí òjò sì ń ṣú, kí ẹnìkan nínú yín pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó na ọwọ́, kí ó sì dúró títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá kan yóò rí èsì sí ìbéèrè rẹ̀. Ẹ kú ìrìn o.