Òwú, Ìrèké àti Kòkòrò Tó Ń Bá Wọn Jà

Ìwé ìlàlóye fún àwọn àgbẹ̀, olóko ẹ̀fọ́ àti oníṣòwò Kraké pẹ̀lú agbègbè Sèmè-Kpodji

Òwú kì í ṣe nǹkan ọ̀gbìn Kraké, ṣùgbọ́n oògùn òwú ń dé Kraké. Ó ń ti òkè wá láti ibi tí wọ́n ti ń gbin òwú, ó ń ti Nàìjíríà gba ẹnubodè kọjá, ó ń dé orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, láti ibẹ̀ ó di oko tòmátì àti oko ilá lórí iyanrìn etí òkun wa. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò gbin òwú rí fi gbọ́dọ̀ mọ kòkòrò òwú. Ọ̀kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú èyí tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wa, májèlé tí wọ́n sì ṣe fún òwú, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ, ni ó ń bọ́ sínú ọbẹ̀.

Ìdin tí oògùn kò ràn mọ́

Orílẹ̀-èdè Benin wà lára àwọn tó ń kó òwú jù ní Áfíríkà. Ní ọdún ọ̀gbìn 2019 sí 2020, òwú tó kó ju 700,000 tọ́ọ̀nù lọ. Banikoara ní Alibori ni olórí ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní Kétu, Ìdáàṣà àti Ṣábẹ náà mọ oko òwú dáadáa. Ẹ bi wọ́n léèrè kòkòrò tó ń ba òwú jẹ́ jù, ìdin tó ń gbẹ́ ọmọ òwú ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Helicoverpa armigera.

Òru ni ìyá rẹ̀ ń wá. Àfòpiná ni, àwọ̀ rẹ̀ kò fani mọ́ra, ó sì ń yé ẹyin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí ewé àti ìtànná. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹyin á pa, ìdin á jáde. Ó lè jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó lè pọ́n, ó lè dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n ilà funfun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá méjèèjì. Á ti orí bọ inú ọmọ òwú, ìdí rẹ̀ á wà níta, ìgbẹ́ rẹ̀ tútù lẹ́nu ihò. Kì í jẹ ọ̀kan tán kó tó lọ sórí òmíràn, nítorí náà ìdin kan ṣoṣo lè ba ọmọ òwú púpọ̀ jẹ́. Ìdin yìí kan náà ni ẹ ń rí nínú tòmátì. Ó ń jẹ ata, ó ń jẹ àgbàdo, ó ń jẹ ẹ̀wà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi oríṣi oògùn kan náà, tí wọ́n ń pè ní pyrethroid, fọ́n oko òwú káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ìdin tí ara wọn gba oògùn náà kò kú. Àwọn ni wọ́n bímọ, àwọn ọmọ wọn náà kò sì kú. Nígbà tí ọdún 1998 fi máa parí, ó ti hàn pé oògùn náà kò ràn wọ́n mọ́. Ìdin bẹ́ẹ̀ bá dé oko tòmátì yín, ara rẹ̀ ti mọ oògùn kí ó tó dé. Bí ẹ bá fọ́n, tí kò kú, tí ẹ wá fi ìdérí méjì kún un, èèyàn tó máa jẹ tòmátì náà ni ẹ ń fi kún ìyà rẹ̀.

Ní 1999 wọ́n mú oògùn mìíràn wọlé rọ́pò rẹ̀, endosulfan. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ní agbègbè Borgou nìkan, àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé ó kéré tán èèyàn 37 kú. Kì í ṣe àwọn tó ń fọ́n oògùn nìkan. Àwọn kan jẹ àgbàdo tó hù láàárín òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n. Àwọn kan mu omi nínú ike tí wọ́n fi gbé oògùn wálé. Ọmọdé wà nínú wọn, ọmọ tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìfọ́noògùn rí. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi endosulfan sínú oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn lọ̀ yín, iye yòówù kó pè é, ẹ má rà á.

Èyí tó dé ní 2022

Lọ́dún 2022, kòkòrò mìíràn ba òwú jẹ́ gidigidi ní Benin, Togo, Burkina Faso àti Côte d’Ivoire. Láti Éṣíà ni ó ti wá, Amrasca biguttula ni wọ́n ń pè é. Ó kéré, ó jọ àwọ̀ ewé tútù, abẹ́ ewé ni ó ń gbé. Bí ẹ bá yí ewé padà, á sáré ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bí akàn, tàbí kí ó fò. Omi ewé ni ó ń fà. Etí ewé á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á ká kò, lẹ́yìn náà á gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Ó fẹ́ràn ilá àti ìgbá. Ẹ̀yin olóko ilá, bí ẹ bá rí i, ẹ tètè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ní kọmúùnù.

Ìrèké

Ní Ṣábẹ, níbi tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà ti jọ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ nígbà kan, oko ìrèké lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ti ìsàlẹ̀ níhìn-ín jẹ́ ìrèké àjẹ. Ẹ la ìrèké tó ní ihò sí méjì: ẹ ó rí ọ̀nà tí ìdin gbẹ́ láti oríkèé kan dé èkejì, inú rẹ̀ á ti pọ́n, òórùn rẹ̀ á ti kan. Eldana saccharina ni ìdin yẹn, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, inú koríko àbàtà ni ó ń gbé kí ó tó mọ adùn ìrèké. Ìdin mìíràn, Sesamia, ń bá ọ̀dọ́ ìrèké jà: ọkàn rẹ̀ á gbẹ, bí ẹ bá fà á, á já wá sọ́wọ́. Ó ń ṣe àgbàdo bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Oògùn fífọ́n kò wúlò fún ìrèké àjẹ. Inú igi ni ìdin wà, oògùn á wà lára èèpo, àwọn ọmọ wa sì ń fi eyín bó ìrèké. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò gba owó. Sábẹ́ ewé gbígbẹ tó dì mọ́ igi ni Eldana ń fi ẹyin pamọ́ sí, nítorí náà ẹ bó ewé wọ̀nyẹn kúrò. Ẹ gé ìrèké nígbà tó bá gbó. Èyí tó dúró kọjá àkókò ni ìdin ń pọ̀ sí jù. Ẹ má fi igi tó ní ihò ṣe èso gbígbìn. Ẹ má bu yúríà jù, ìrèké tó bá rọ̀ ni ìdin ń fẹ́. Kùkùté àti àjẹkù tó bá ní ìdin, ẹ má jẹ́ kó sùn sínú oko.

Ẹ wo oko kí ẹ tó wo ìgò

Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ẹ wọ oko láti igun kan dé èkejì. Ẹ yẹ ogún igi wò ó kéré tán, ẹ yí ewé padà, ẹ ka ìdin tí ẹ rí. Ibòmíràn ẹ ó rí i pé ìdin méjì péré ló wà, ọwọ́ lásán sì tó o. Ẹ tún ka àwọn tó ń bá yín ṣọ́ oko: aláǹtakùn, agbọ́n, èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé lórí igi, kòkòrò roboto elẹ́yìn pupa onítótòtó dúdú. Oògùn kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ẹ má sì fojú kéré àwọn ọ̀rẹ́ yìí: agbọ́n kékeré kan ni wọ́n mú wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA bẹ̀rẹ̀ sí tú sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981, tí ó sì gba ẹ̀gẹ́ gbogbo Áfíríkà lọ́wọ́ kòkòrò funfun tó fẹ́ pa á run. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995.

Ní Benin níbí, láti 1996 ni àjọ OBEPAB ti ń bá àwọn àgbẹ̀ gbin òwú láìlo oògùn kẹ́míkà rárá, nítorí náà kì í ṣe àlá.

Dóńgóyárò wà ní gbogbo agbègbè wa. Ẹ kó èso rẹ̀, ẹ bó èèpo, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á. Ẹ gún àádọ́ta gíráàmù ẹran inú rẹ̀ fún lítà omi kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó sun omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ìdin kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Kò ní lè jẹun, kò ní lè dàgbà. Ẹ ní sùúrù.

Bí ríra bá di dandan

Ìgò tó ti Nàìjíríà wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára rẹ̀. Èyí tó ti Kútọnu wá, Faransé ni. Bí ẹ kò bá lè ka ìwé ara ìgò, ẹ bẹ ẹni tó lè kà á kí ẹ tó sanwó, kí ó wá orúkọ nǹkan ọ̀gbìn tí wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá dárúkọ tòmátì, kì í ṣe ti tòmátì. Ẹ wo ọ̀já aláwọ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé náà: pupa ni májèlé rẹ̀ le jù, yẹ́lò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, kí ó tó kan àwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n bù sínú ike tí kò ní ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò, a bẹ̀ yín, ẹ má bu oògùn sínú ìgò omi tàbí ìgò sódábì. Ẹ má tò ó sí ìtòsí gàrí. Ẹ má tà á fún ẹni tó fẹ́ fi tọ́jú ẹ̀wà jíjẹ. Nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára ẹ̀wà Nàìjíríà ni ilẹ̀ Yúróòpù kò ṣe gbà á wọlé mọ́ láti 2015. Ìgò tó bá ṣófo, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi ìṣàn sínú ẹ̀rọ ìfọ́noògùn, kí ẹ sì lu ihò sídìí ìgò kí ẹnikẹ́ni má baà fi rọ epo.

Bí oògùn bá mú èèyàn

Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn á bò ó, á máa bì, ọmọlójú rẹ̀ á kéré jọjọ, ara á máa gbọ̀n, mímí á nira. Ẹ gbé e kúrò lóko, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń wẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání, torí ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.