Àṣírí Inú Fóònù Kì í Ṣe ti Ẹnì Kan: Àgbéyẹ̀wò Èrò Àwọn Ènìyàn lórí Áàpù Ayánilówó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò èrò tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn lórí ààbò àṣírí inú fóònù, pàápàá láti ìgbà tí áàpù ayánilówó ti gbòde ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó fi ìtumọ̀ tí àwọn Yorùbá fún àṣírí, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sin gbèsè láyé àtijọ́, wé ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lóde òní. Ó fi hàn pé orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù kì í ṣe dúkìá oní-fóònù nìkan, àti pé ẹni tí ó bá yọ̀ǹda wọn fún ayánilówó ń fi ohun olóhun tọrẹ. Ó parí pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ lè ṣe nínú kíláàsì.

1. Ìfáárà

Láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun èlò yìí ti kọjá ohun tí a fi ń pe ènìyàn lásán. Òun ni ìwé tí a kọ nọ́ńbà sí, òun ni àpò àwòrán, òun ni báńkì, òun náà sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ ìròyìn. Bí ìròyìn bá jáde pé ilé-iṣẹ́ kan ń kó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ jọ láìgba àṣẹ, èsì mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ ní ọjà, nínú ọkọ̀ èrò àti ní yàrá àwọn olùkọ́. Èkíní ni pé, "Èmi kì í ṣe olè, kí ni mo ní tí mo fẹ́ fi pa mọ́?" Èkejì ni pé, "Wọ́n kúkú ti mọ gbogbo nǹkan nípa wa tán." Ẹ̀kẹta ni pé, "Ẹni tí kò bá fẹ́ ìtìjú, kó má yáwó."

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti yẹ èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Áàpù ayánilówó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ara rẹ̀ ni ewu ọ̀rọ̀ náà ti hàn sí gbangba jù lọ.

2. Àṣírí nínú èrò àwọn Yorùbá

Èrò èkíní gbà pé ìwà burúkú nìkan ni ènìyàn ń fi pa mọ́. Ìlò èdè Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí Yorùbá bá gbàdúrà pé kí Olódùmarè bo àṣírí ẹnì kan, kò túmọ̀ sí pé ẹni náà jalè. Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni pé kí ebi, àìsàn, àìrówó tàbí èdè-àìyedè inú ilé má di ohun tí ará ìta yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó rí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san ní ọjọ́ tí ó yẹ a máa sọ pé àṣírí òun bò. Nínú ìlò yìí, àṣírí súnmọ́ iyì ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé:

Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn.

Aṣọ tí a sá sí ìyẹ̀wù kì í ṣe aṣọ tí a jí. Olówó rẹ̀ ni ó rà á, òun náà ni ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí a sá a sí.

Ìlò èdè tún fi hàn pé àṣírí máa ń ní ẹni tí a fi hàn àti ẹni tí a kò fi hàn. Ohun tí ìyàwó mọ̀ nípa ọkọ, tí oníṣègùn mọ̀ nípa aláìsàn, tí ọ̀rẹ́ mọ̀ nípa ọ̀rẹ́, kò pa mọ́ fún wọn. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé e lọ sọ fún ẹlòmíràn, a ó ní ó tú àṣírí. Ọ̀rọ̀ kan lè wà lẹ́nu ènìyàn mẹ́wàá kó ṣì jẹ́ àṣírí, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tí a fi lé lọ́wọ́.

Èyí ni ó fèsì sí èrò kejì. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ ni ó ti wáyé. Ní ọdún 2011 ni àjọ NCC bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ síìmù káàdì káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ BVN kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà báńkì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN wọn mọ́ síìmù. Kò yani lẹ́nu pé ó ti rẹ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi lé báńkì lọ́wọ́, nítorí owó tí ó wà níbẹ̀ ni. Pé báńkì mọ̀ ọ́n kò sọ ọ́ di ohun tí ayánilówó tí a kò mọ ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bákan náà, ohun tí ó bá ti jáde kì í padà, nítorí ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

3. Bí áàpù ṣe ń rí àyè wọ inú fóònù

Áàpù kò lè ka orúkọ àwọn ènìyàn inú fóònù bí ètò tí ó ń darí fóònù náà kò bá fún un láyè. Lórí fóònù Android, ṣáájú ọdún 2015, gbogbo àyè tí áàpù bá fẹ́ ni ó máa ń tò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a bá fẹ́ gbé e sórí fóònù. Ẹni tí kò bá gba gbogbo rẹ̀ kò ní rí áàpù náà lò. Ẹ̀dà kẹfà Android, tí ó jáde ní ọdún 2015, ni ó yí èyí padà. Láti ìgbà náà, áàpù ní láti bèèrè àyè kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá fẹ́ lò ó, oní-fóònù sì lè gba ọ̀kan kí ó kọ èkejì. Lórí iPhone, láti ọdún 2012 ni áàpù ti ní láti bèèrè kí ó tó ka nọ́ńbà àwọn ènìyàn.

Ẹ̀tọ́ láti kọ̀ wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ áàpù ayánilówó sọ gbígbà di dandan: ẹni tí ó bá kọ̀ kò ní rí owó. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwòsàn, tí ó sì nílò ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní jókòó ka ìwé àdéhùn gígùn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà kọ. Yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù rẹ̀, àti télọ̀ tí ó rán aṣọ fún un ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ti lè dé ọwọ́ ayánilówó. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àìní ni ó la ògiri. Bí a bá sì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù lẹ́yìn tí a ti san owó tán, yíyọ náà kò pa ohun tí ó ti kó lọ rẹ́.

4. Ológò, òṣómàáló àti onígbọ̀wọ́

Àwọn tí ó di èrò kẹta mú lè sọ pé ìtìjú kì í ṣe ohun àjèjì nínú ọ̀rọ̀ gbèsè, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Láyé àtijọ́, olówó a máa dógò ti onígbèsè. Ológò yóò wọ agbo ilé onígbèsè, yóò jókòó, yóò máa pariwo, yóò sì máa fi ẹnu gún un lára títí owó yóò fi jáde. Samuel Johnson mẹ́nu ba àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, ṣe gba orúkọ òṣómàáló: lílóṣòó ni wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn.

Bí a bá fi wọ́n wé áàpù ayánilówó, ìyàtọ̀ mẹ́ta ni ó hàn. Àkọ́kọ́, ilé onígbèsè fúnra rẹ̀ ni òṣómàáló ń lọ. Ojú kan ojú, àwọn ará ilé mọ ẹni tí ó wá, àgbà ilé sì lè dá sí i pé kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fún áàpù kò ní ojú, kò sì sí àgbà tí a lè bẹ̀ sí i. Èkejì, òṣómàáló ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: "O jẹ mí lówó." Àwọn áàpù kan a máa kọ ọ́ ránṣẹ́ pé olè tàbí gbájúẹ̀ ni ẹni tí ọjọ́ gbèsè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Jíjẹ gbèsè kì í ṣe olè jíjà.

Ìyàtọ̀ kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Yorùbá mọ onígbọ̀wọ́. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí onígbèsè kò bá san án, kí wọ́n wá bá òun. Ó mọ iye owó náà, ó mọ ọjọ́ tí yóò san, ó sì gbà. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yáwó. A sọ ọ́ di onígbọ̀wọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Òwe kan bá ọ̀rọ̀ yìí mu gẹ́lẹ́:

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Lójú òwe yìí, ohun tí ẹnì kan jẹ di àìsùn gbogbo ilé. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé òun kò ní ohun tí òun fi pa mọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nìkan. Kò lè sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

5. Ohun tí òfin sọ

Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, àjọ NITDA gbé ìlànà jáde lórí bí ilé-iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn. Ìlànà yìí ni wọ́n gùn lé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan tí ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn onígbèsè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó gbé ètò ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 2023, Google fi òfin dè é pé áàpù ayánilówó tí ó wà lórí àtẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù mọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ààbò ọ̀rọ̀ nípa ẹni. Òfin náà sọ pé ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ kan nílò nìkan ni ilé-iṣẹ́ gbọdọ̀ gbà, pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, àti pé ẹni tí ó gbà lè padà sọ pé òun kò gbà mọ́.

Òfin nìkan kò tó, nítorí pé a ṣì lè gbé áàpù tí kò sí lórí àtẹ Google sórí fóònù láti inú ìlujá tí ẹnì kan fi ránṣẹ́.

6. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ju ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Nọ́ńbà àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú fóònù rẹ̀, àwòrán àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, nígbà mìíràn máàkì wọn pẹ̀lú. Òbí tí ó fún un ní nọ́ńbà fún un nítorí ọmọ rẹ̀ ni. Bí olùkọ́ bá fi fóònù kan náà gba áàpù ayánilówó láyè, ó ti kó gbogbo òbí kíláàsì rẹ̀ wọ inú gbèsè rẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ yẹ fóònù rẹ̀ wò, kí ó wo áàpù tí ó ní àyè láti ka orúkọ ènìyàn, kí ó sì gba àyè náà padà lọ́wọ́ èyí tí kò nílò rẹ̀. Ẹni tí yíyáwó bá di dandan fún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ ayánilówó náà wà lórí àkọsílẹ̀ tí FCCPC fi síta.

Olùkọ́ èdè Yorùbá tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí áàpù fi ń bèèrè àyè máa ń kúrú, kíkúrú rẹ̀ sì ń bo ìtumọ̀ rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá túmọ̀ rẹ̀ sí "Mo gbà" lásán, kò tíì sọ ohun tí ó gbà. Iṣẹ́ kíláàsì tí ó dára ni kí wọ́n kọ ọ́ ní odidi gbólóhùn: "Mo fún ilé-iṣẹ́ yìí láyè láti da orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tí mo mọ̀ kọ, kí ó sì tọ́jú wọn." Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti sọ gbólóhùn náà, àti ta ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjíròrò tí yóò tẹ̀ lé e lè kó òwe, àṣà gbèsè àti òfin pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

7. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a yẹ̀ wò ní àléébù kan náà: wọ́n ka fóònù sí ohun ìní ẹnì kan, wọ́n sì ka àṣírí inú rẹ̀ sí ti ẹni náà nìkan. Èrò Yorùbá lórí àṣírí, gbígbọ̀wọ́ àti àjọgbé kò fara mọ́ èyí. Òfin ọdún 2023 pàápàá kò jìnnà sí ohun tí àwọn àgbà ti ń sọ, pé kí a gbọ́ tẹnu olóhun kí a tó mú ohun rẹ̀. Kí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ láti béèrè kí ó tó mú pẹ́ńsù ẹlòmíràn mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kan nọ́ńbà ìyá ọmọ náà tí ó wà nínú fóònù òun.