Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Gáàsì Carbon Monoxide Nínú Afẹ́fẹ́ Ìta

Èéfín dúdú tí ọkọ̀ dánfó ń tú jáde lè mú kí ènìyàn fọwọ́ bo imú, ṣùgbọ́n gáàsì carbon monoxide kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ bí ó ti pọ̀ tó.

Bí gáàsì yìí bá dé inú ẹ̀jẹ̀, yóò dì mọ́ èròjà hemoglobin tí ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Agbára tí ó fi ń dì mọ́ ọn ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Ní ìwọ̀n tí a sábà ń bá pàdé níta, àwọn tí ó ní àrùn ọkàn ni ó kọ́kọ́ máa ń ni lára: àyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n bí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ agbára.

Ní ibùdó ìwọ̀n afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ a máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọ inú ọ̀pá kan, a sì tan ìtànṣán infrared gba inú rẹ̀ kọjá. Carbon monoxide a máa gbé apá kan ìtànṣán náà mì. Bí èyí tí ó dínkù bá ṣe pọ̀ tó ni gáàsì náà ṣe pọ̀ tó. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé kiri ń lo kẹ́míkà tí ó ń mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde bí gáàsì náà bá kàn án. Wọn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ooru, ọ̀rinrin àti àwọn gáàsì mìíràn lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ó yẹ kí a máa fi gáàsì tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán wọn wò lóòrèkóòrè.

Oye tí ẹ̀rọ bá kà ní ìṣẹ́jú kan kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ní oríta tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wà, ó lè ròkè lójijì, kí atẹ́gùn sì tún fẹ́ ẹ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣírò ìpíndọ́gba. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, dámọ̀ràn mílígíráàmù 4 nínú mítà kúbíìkì kan fún wákàtí 24. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1971, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù 1, gáàsì náà kò yẹ kí ó ju ọ̀nà 9 lọ ní ìpíndọ́gba wákàtí 8.

Ibi tí ẹ̀rọ wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Èyí tí ó wà lórí òrùlé kò lè sọ ohun tí obìnrin tí ó ń fi èédú sun àgbàdo ní ibùdókọ̀ ń fà símú, nítorí èédú tirẹ̀ náà ń tú gáàsì yìí jáde. Aago ìkìlọ̀ tí wọ́n ń tà fún inú ilé kò wúlò fún un. Èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà Amẹ́ríkà lè dákẹ́ fún odindi wákàtí 1, kódà bí gáàsì náà bá tó ọ̀nà 70.