Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Onímọ́tò Pààrọ̀ Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn?

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, tí àwọn mẹkáníìkì Atakpamé ní Tógò mọ̀ sí sonde lambda, ni irin kékeré tí wọ́n dè mọ́ páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, tí ó ń wọn ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín náà, tí ó sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ iye epo tí yóò tú sínú ẹ́ńjìnnì. Kílò epo bẹntiróòlù kan ń fẹ́ nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kí ó tó lè jó tán, nítorí náà, bí sẹ́ńsọ̀ bá ń parọ́, ìwọ̀n yìí á dàrú, owó epo á sì máa ga sí i.

Ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ló gbé sẹ́ńsọ̀ yìí jáde ní 1976, ọkọ̀ Volvo ló sì kọ́kọ́ lò ó. Àmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí a pààrọ̀ irú ti àtijọ́, tí kò ní ohun tí ń mú un gbóná nínú, láàárín 50,000 sí 80,000 kìlómítà, kí a sì pààrọ̀ irú ti òde òní ní nǹkan bíi 160,000. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Nationale 1 láti Lomé gòkè wá sí Atakpamé ni ó jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó já a ní èbúté, tí ẹnikẹ́ni sì lè ti dá òǹkà kìlómítà rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá gbára lé òǹkà yẹn nìkan kò tíì mọ ọjọ́ orí sẹ́ńsọ̀ náà rárá.

Iná ẹ́ńjìnnì tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò tó ẹ̀rí bákan náà, ibí yìí sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Bí páìpù èéfín bá lu síwájú sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ ìta á wọlé, sẹ́ńsọ̀ tí ara rẹ̀ le koko á sì máa ròyìn pé ọ́síjìn ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tìtorí èyí ra tuntun, iná náà á tún tàn. Àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ kì í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ títí yóò fi gbóná tó nǹkan bíi 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, iná mànàmáná inú irú tó wọ́pọ̀, èyí tó wà ṣáájú katalítíìkì tí ń fọ èéfín, gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò láàárín fóòtì 0.1 sí 0.9 láìdúró. Bí páìpù èéfín kò bá lu, èyí tó bá dúró sójú kan, tàbí tó ń fà nílẹ̀ kó tó yí padà, ti kú, kò sì yẹ kí a fi falẹ̀, torí epo tí kò jó tán lè ba katalítíìkì jẹ́, owó katalítíìkì sì ju ti sẹ́ńsọ̀ lọ fíìfíì. Ti ẹ̀yìn katalítíìkì ní tirẹ̀ yẹ kó dúró jẹ́ẹ́, a kò sì gbọdọ̀ torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ jù ú nù.

Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì, omi rédíétọ̀ tó ń jò wọ inú rẹ̀, gọ́ọ̀mù sílíkóònù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ àti epo fàyàwọ́ inú ìgò, tí wọ́n ń pè ní boudè, tí wọ́n bá ti da nǹkan mọ́, gbogbo wọn ló lè pa sẹ́ńsọ̀ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, nítorí náà ó di dandan kí mẹkáníìkì tún ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣe kí ó tó de tuntun mọ́ ọn.