Kí A Tó Gbé Ọmọ Sórí Ìwọ̀n

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Kí a tó lè sọ pé nǹkan tóbi tàbí pé ó kéré, a ní láti ní òmíràn tí a ó fi wé e. Lórí òtítọ́ yìí ni ìmọ̀ tí à ń pè ní sítátísítíìkì dúró, ìmọ̀ tí ń kọ́ni bí a ti ń ka nǹkan, bí a ti ń fi wọ́n wé ara wọn, àti bí a ti ń mọ èyí tí ó ṣe kòńgẹ́ lásán yàtọ̀ sí èyí tí ó nídìí.

Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ aṣaralóore àti nípa bí ẹ̀yà ara ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń sá fún ìmọ̀ yìí. Wọn a máa gbé ọmọdé sórí ìwọ̀n, wọn a sì máa kọ iye sínú ìwé. Ìgbà tí wọ́n bá parí tán ni wọ́n tó ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan tí ó fi hàn pé ẹ̀pa lè má bóró mọ́ nígbà náà.

Ní ọdún 1930, ní ẹkùn Lanarkshire ní ilẹ̀ Scotland, àwọn aláṣẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wàrà màlúù tí a bá ń fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò mú kí wọ́n dàgbà dáadáa. Wọ́n kó 20,000 ọmọ jọ láti ilé ẹ̀kọ́ 67. Wọ́n ń fún 10,000 nínú wọn ní wàrà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin. 10,000 yòókù kò gba nǹkan kan. Bí ọmọ tí ń mu wàrà ti ń dàgbà ni èyí tí kò mu náà ń dàgbà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi nílò ẹgbẹ́ kejì. Ta ni yóò gbọ́ 20,000 ọmọ tí kò ní gbà pé iṣẹ́ ti pé?

Ṣùgbọ́n àánú ba iṣẹ́ náà jẹ́. Kèké tàbí ètò lẹ́tà orúkọ ni ó yẹ kí ó pín àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n a fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ láti pààrọ̀ ọmọ bí ó bá dàbí ẹni pé àwọn tí ó jẹun kánú, tàbí àwọn tí ebi ń pa, pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ kan. Àwa tí a ti dúró níwájú kíláàsì rí mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Olùkọ́ wo ni yóò máa wo ọmọ tálákà tí egungun àyà rẹ̀ yọ, tí yóò sì gbé wàrà fún ọmọ olówó? Nígbà tí a yẹ iye tí a kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ wò, àwọn ọmọ tí kò gba wàrà ti wúwo ju àwọn tí ó gbà á lọ, ní ìwọ̀n ìdàgbà nǹkan bí oṣù mẹ́ta; wọ́n sì ti ga jù wọ́n lọ, ní ìwọ̀n ìdàgbà nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Oko méjì tí a fẹ́ fi wé ara wọn kò sí lórí ilẹ̀ kan náà.

Ẹni tí ó tú àṣírí yìí ní ọdún 1931 ni William Sealy Gosset, òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Guinness, tí ó máa ń kọ̀wé lábẹ́ orúkọ “Student”, èyíinì ni Akẹ́kọ̀ọ́. Ó tọ́ka sí nǹkan mìíràn pẹ̀lú: tasọtasọ ni a wọn àwọn ọmọ náà, ní oṣù Kejì tí òtútù mú, àti ní oṣù Kẹfà tí ooru dé. Ọmọ olówó ti bọ́ aṣọ nínípọn sílẹ̀ kí ó tó gun ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tálákà kò ní aṣọ òtútù tí yóò bọ́. Aṣọ lásán lè mú kí ó dàbí ẹni pé wàrà ni ó ṣiṣẹ́. A kò sọ pé wàrà kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé 20,000 ọmọ kò lè jẹ́rìí bí oore rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ìmọ̀ràn tí Gosset mú wá kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ó ní kí a mú ìbejì 50 péré, èyíinì ni ọmọ 100, àwọn tí ó jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀, kí a sì ṣẹ́ kèké láti mọ èyí tí yóò mu wàrà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀rí wọn yóò dúró ṣinṣin ju ti 20,000 lọ. Àwa tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì lè rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ rọra! Ọ̀pọ̀ jùlọ Táíwò àti Kẹ́hìndé ilẹ̀ wa ni ó ti inú ẹyin méjì wá, bí ọmọ ìyá méjì lásán. Àwọn tí ó ti inú ẹyin kan wá, tí Gosset ń wá, kò pọ̀ níhìn-ín ju ti ibòmíràn lọ: nǹkan bí 4 nínú 1,000 ìbímọ. Ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ yìí yóò kó ìbejì jọ, yóò sì tún ṣìṣe.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ń ṣírò ní ìṣẹ́jú kan ohun tí ó ń gba àwọn baba wa ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í béèrè ẹni tí ó yan ọmọ, kì í sì í béèrè aṣọ tí ọmọ wọ̀. Nítorí náà, a ń rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí ẹ kọ́ sítátísítíìkì ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wá onímọ̀ rẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ń gbèrò iṣẹ́, kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá ti bàjẹ́. Àánú dára: ẹ fún ọmọ tí ebi ń pa ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á mọ́ àwọn tí kèké yàn. Irú ìwádìí báyìí ni àwọn ìjọba fi ń pinnu oúnjẹ tí a ó máa bọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá sì ṣìṣe níbẹ̀, ikùn ọmọdé ni yóò san gbèsè rẹ̀.