Gíga Agbára Nínú Ohùn Rédíò

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba àṣẹ láti fi rédíò tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìsàlẹ̀ Èkó, 5N ni yóò ṣíwájú àmì tí a ó fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá gbé ọ̀rọ̀ lé ohùn 8 tí ó dọ́gba, nígbà mìíràn gbogbo wọn yóò ga lẹ́ẹ̀kan náà, bí onílù 8 tí ọwọ́ wọn bọ́ sójú kan. Agbára á di ìlọ́po 8 ìpíndọ́gba. Ẹ̀rọ tí kò lè gbé e yóò gé orí ohùn, ariwo rẹ̀ yóò sì ba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jẹ́. Òmíràn a dín gbogbo agbára kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní jìnnà. Ó sàn kí a yí ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan padà, kí gíga wọn má baà pàdé. FT8, tí Joe Taylor àti Steve Franke gbé jáde ní 2017, bọ́ lọ́wọ́ èyí: ohùn 8 ni ó ní, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì ń dún nígbà kan.