Ìtagúnmódì: Kòkó Lókè, Góòlù Nísàlẹ̀

Lónìí, mo fẹ́ mú yín lọ sí Ìtagúnmódì, ní Àtàkúnmọ́sà Ìwọ̀-Oòrùn, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Tí ẹ bá ń retí ọgbà ìgbafẹ́, ibẹ̀ kọ́ o. Kòtò góòlù lẹ máa rí.

Láti Òṣogbo, a gba Iléṣà kọjá, a wọ ọ̀nà oko. Ilẹ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ rí. Kí n tó rìn dé ibi iṣẹ́, bàtà funfun mi ti dà bí ohun tí wọ́n rì bọ epo. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ mọ irú ilẹ̀ yìí dáadáa. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi ń pè é. Kòkó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé góòlù wà lábẹ́ kòkó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wà á? Wọ́n á gbẹ́lẹ̀ títí wọ́n á fi kan yanrìn olókùúta tí odò àtijọ́ kó jọ. Wọ́n á dà á sórí pákó tó dà gẹ̀rẹ́, tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n á wá da omi lé e. Góòlù wúwo tó omi lọ́nà 19, nítorí náà yanrìn á ṣàn lọ, góòlù á há sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wá láti Òkè Ọya. Èdè Hausa lẹ máa gbọ́ láàárín igbó kòkó Ìjẹ̀ṣà.

Bàbá àgbẹ̀ kan fi oko rẹ̀ hàn mí. Kòtò ti gba ìdajì rẹ̀, omi sì ti kún inú wọn. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni góòlù ń sanwó. Ọdọọdún ni kòkó ń san tiẹ̀." Mo bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Owó yẹn ni àbúrò rẹ fi parí yunifásítì. Kí ni kí n wá sọ?"

Èmi náà ò rí èsì fọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì mọ sí oko. Odò ló ń gbé ẹrẹ̀ ibi ìwakùsà lọ. Ní igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àwọn èèyàn ti rí omi Ọ̀ṣun tó di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, májèlé òjé tó bá iyẹ̀pẹ̀ góòlù jáde pa ọmọdé tó ju 400 lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má sì sún mọ́ etí kòtò nígbà òjò, ó máa ń ya lulẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.